Èèkàn Olórí Pupa

Bí òjò bá ti ṣú ní Ìsẹ́yìn, àwọn ará àdúgbò míì a máa sáré ká aṣọ tí wọ́n sá. Ní agbo-ilé Alákàá, ìyá àgbà ni wọ́n ń sáré ká. Àwáwù lorúkọ ìyá náà. Ó ti dàgbà débi pé àwọn kan ní òun ló kọ́ oòrùn bí wọ́n ṣe ń wọ̀. Yàrá rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ parí sí, gbogbo omi tó bá sì ti òkè wá, yàrá yẹn ló máa ń yà sí bí àlejò tó mọlé. Á wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Á gbé bàtà, á gbé ìkòkò, á gbé àpótí. Lọ́dún kan, ẹja àrọ̀ kan bá omi wọlé, ó nà gbalaja sórí ẹní ìkírun, ó ń wo Ìyá àgbà bí ẹni pé ìyá ló wá kí òun.

Kọ́láwọlé ọmọ ọmọ rẹ̀, tó ń hun aṣọ òfì ní ẹ̀gbẹ́ ilé, ló máa ń pọ̀n ọ́n jáde. Ó ti pọ̀n ọ́n títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi jin kòtò tó tó ìyá yẹn gẹ́lẹ́. Nígbà tí òjò èṣí ń parí lọ, Ìyá àgbà sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó fún omi kúrò létí ìró, ó fi oríkì rẹ̀ pè é, ó ní:

"Àkànní, o ṣeun. Ṣùgbọ́n ó parí síbẹ̀ yẹn. Èmi tí mo pọn bàbá rẹ, tí mo pọn ìwọ náà, o wá ń pọ̀n mí kiri bí ọmọ ọwọ́ lójú gbogbo ayé. Bí omi bá tún wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, orí bẹ́ẹ̀dì mi lẹ ó ti bá mi. Kó gbé mi lọ síbi tó bá ń lọ."

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Mo ti sọ ọ́."

Ẹni tó bá mọ Ìyá àgbà mọ̀ pé bó bá ti sọ̀rọ̀, òkè ló kù tí kì í yẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Kọ́láwọlé ò ti balẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá da omi ìfọwọ́ nù lẹ́yìn rẹ̀, á ti fò sókè, á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní kí Ìyá àgbà gùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí káńsù fi bẹ̀rẹ̀ ìjókòó àdúgbò. Tẹ́lẹ̀, ìjọba tí wọ́n mọ̀ ní Alákàá ni ìjọba tó máa ń kọjá nínú mọ́tò, tó ń fi eruku kí wọn. Èyí wá yàtọ̀. Obìnrin kékeré kan ni káńsù rán wá, Misturat lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlérò. Bó bá wọ híjáàbù rẹ̀ tán, èèyàn á rò pé híjáàbù ló ń dá rìn. Àmọ́ ohùn rẹ̀! Bó bá kí èèyàn ní Ìsẹ́yìn, ará Ṣakí á dá a lóhùn. Ó jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi igbá tó wà lókè agbo-ilé, ó ní:

"Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, èmi ni káńsù ní kó máa gbé ọ̀rọ̀ lọ, kó máa gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ dì í rù mí. Màá rù ú dé ọ̀dọ̀ alága. Èsì tí wọ́n bá fún mi, tó dùn tó korò, màá rù ú padà wá síbí. Ẹ ṣáà má gbé erin lé mi lórí."

Háà, wọ́n dì í fún un! Bàálé Sàlàkọ́, olórí agbo-ilé, ní iná mọ̀nàmọ́ná lòun fẹ́. Ràsáàkì, tí òfì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kọ́láwọlé, tí ẹnu rẹ̀ kì í sì í gba ìsinmi àfi bó bá ń jẹun, ní kí wọ́n bá òun ṣe pápákọ̀ òfuurufú.

"Kékeré náà ni, Àǹtí. Èyí tí bàálù kan ṣoṣo lè balẹ̀ sí. Kí n lè máa gbé aṣọ mi lọ Mẹ́kà ní tààrà."

"Ìwọ tí òòyì ń kọ́ lórí ọ̀kadà," ni Kọ́láwọlé dá a lóhùn. Òun náà wá nawọ́ sí ilẹ̀ ìta. "Àǹtí, èèkàn ni tèmi. Ikán ti jẹ èèkàn tí mo fi ń ta òwú tán. Bí ẹ bá lè bá wa ri èèkàn gidi mọ́ ilẹ̀ ìta wa yìí, ká rí ibi ta òwú, Ọlọ́run á san án fún yín."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe ahunṣọ, kí òwú tó gorí òfì, wọ́n á kọ́kọ́ ta á sílẹ̀. Ahunṣọ á gún èèkàn mọ́lẹ̀ káàkiri, á wá máa fa òwú lọ, á máa fà á bọ̀, láti èèkàn dé èèkàn, títí gbogbo rẹ̀ á fi gùn dọ́gba. Ìrìn tí Kọ́láwọlé ti fi ta òwú láyé yìí, bó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló kọjú sí, ì bá ti dé Mẹ́kà, ì bá ti ṣe hájì tán, ì bá ti padà wá bá àmàlà rẹ̀ nínú àwo, yóò ṣì máa gbóná.

"Mo gbọ́ èèkàn," ni Misturat wí. Ó wá yíjú sí Ìyá àgbà, tó jókòó sẹ́yìn, tí kò tíì fọhùn. "Ìyá wa, ẹ ò sọ tiyín."

"Gbogbo wọn ló ní kí ìjọba gbé nǹkan wá," ni Ìyá àgbà wí. "Èmi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbé nǹkan kan wá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé nǹkan lọ."

"Kí ni ká bá yín gbé lọ, Ìyá?"

"Odò kan wà nínú yàrá mi. Ẹ gbé e fún ẹni tí kò ní."

Gbogbo ìjókòó rẹ́rìn-ín. Ràsáàkì rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú lórí àga, àga náà sì ṣubú lé e. Misturat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó bọ́ bàtà, ó wọ yàrá Ìyá àgbà lọ, ó bá ojú omi lára ògiri, ibi tí omi ga dé lọ́dún kọ̀ọ̀kan, èyí tó ga jù bá a láyà. Nígbà tó jáde, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ débi pé ará Alákàá nìkan ló gbọ́ ọ.

"Mo gbọ́ odò," ló wí.

Òótọ́ ni wọ́n sì gbọ́. Kò pẹ́ tí káńsù fi rán awọnlẹ̀ kan wá láti Ìbàdàn, kó wá wo ibi tí wọ́n máa la gọ́tà gbà. Ọkùnrin náà gún èèkàn irin mọ́lẹ̀, ó kun orí wọn ní ọ̀dà pupa. Ìlà èèkàn bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi igbá, ó ń bọ̀ tààrà, ó wá yà lẹ́yìn ilé Ìyá àgbà kó má baà fara kan ògiri, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí àpáta tó wà létí odò. Misturat pariwo fún gbogbo agbo-ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, katapílà ń bọ̀ láìpẹ́.

Tọmọdé tàgbà gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbọ́. Kọ́láwọlé ti gbé aṣọ lọ fún oníbàárà ní Ìgbòho, ibẹ̀ ló sùn. Olúkúlùkù sì rò pé ẹnìkejì òun á sọ fún un. Bí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe máa ń fo ẹnì kan dá nìyẹn.

Ọ̀kadà gbé e délé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, eruku ti kùn ún débi pé ajá ilé gbó o. Àwọn èèyàn ti lọ oko, Ràsáàkì ti lọ ra òwú. Kọ́láwọlé gbójú sókè, ó rí èèkàn. Èèkàn irin! Èèkàn tó tò lọ rẹrẹ láti ìdí igi, lórí ilẹ̀ gan-an tó nawọ́ sí fún Misturat lọ́jọ́ ìjókòó!

"Súbúhánáláì!" ló ké. "Ìjọba mà ti dá mi lóhùn! Tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe!"

Ó kúnlẹ̀ nínú eruku níbẹ̀, ó ṣàdúà fún alága káńsù: pé orí kò ní fọ́ ọ, pé ẹsẹ̀ kò ní ro ó, pé bó bá pé igba ọdún, eyín ẹnu rẹ̀ á pé, á tún kù tí wọ́n máa yá aládùúgbò. Ó wá sáré gbé òwú funfun jáde. Bàbá kan ní Tẹ̀dé ló fẹ́ kó hun aṣọ funfun báláú tí ọmọ rẹ̀ máa wọ̀ níjọ́ wòlímọ̀ Kùránì. Ó ta òwú náà láti ìdí igi igbá dé etí odò. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń kọrin. Àfi ìgbà tó ká a tán ló rí i pé ọ̀dà orí èèkàn kò tíì gbẹ. Ibi gbogbo tí òwú ti kan èèkàn ti pọ́n.

Ó họrí. "Ẹni tí wọ́n fún lẹ́ran kì í ka eegun," ló wí fún ara rẹ̀. Ó ní òun á dọ́gbọ́n fi rírán bò ó, ó ṣe tán, ojú bàbá Tẹ̀dé kò fi bẹ́ẹ̀ ríran.

Ó ku nǹkan kan. Ọ̀nà ibẹ̀ ni màlúù ń gbà lọ mumi, àwọn tó ń jí irin sì ń bẹ. Ta ló máa fi ẹ̀bùn ìjọba sílẹ̀ fún màlúù? Kọ́láwọlé hú gbogbo èèkàn, ó nù wọ́n, ó fi òróró ra wọ́n bí ọmọ tuntun, ó fi agbádá ọdún Iléyá rẹ̀ wé wọn, ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá jókòó ti òfì, inú rẹ̀ ń dùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, màlúù kọjá, wọ́n tẹ ilẹ̀ pa. Òjò kékeré kan tẹ̀ lé e, ó fi ẹrẹ̀ dí ojú ihò gbogbo. Ilẹ̀ ń dán bí ẹni pé a ò gún nǹkan kan mọ́ ọn rí láti ìgbà Nóà. Òkùnkùn sì ti kùn kí àwọn ará oko tó dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ẹ̀wẹ̀ ni katapílà dé. Ó ń ké, ilẹ̀ ń gbọ̀n, adìẹ tí kò tíì tó yé fi tipátipá yé. Àmúdà, awakọ̀ rẹ̀, jókòó sókè, ó fi pákò há ẹnu. Misturat ń bọ̀ níwájú lórí ọ̀kadà. Wọ́n dé ìdí igi igbá.

"Èèkàn dà?" ni Misturat wí.

"Èèkàn?" Ràsáàkì yí ojú ká. "Wọ́n wà níbí lánàá nígbà tí mo ń lọ ra òwú. Àbí wọ́n lẹ́sẹ̀ ni?"

Àmúdà yọ pákò. "Ẹ tètè bá mi wá a o. Òní nìkan ni mo ní fún yín. Lọ́la, Ìgbòho ni mo wà. Bí mo bá ti kúrò níbí, ó di ẹ̀yìn òjò."

Misturat pe awọnlẹ̀ lórí fóònù. Kò wọlé. Ó tún un pè, kò wọlé. Ní ìlà oòrùn, ìkùukùu dúdú kan ti ń rọra gbé orí sókè.

Ìgbà yẹn ni Kọ́láwọlé jáde láti ìdí òfì, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀ dé etí. "Èèkàn lẹ̀ ń wá? Ẹ fọkàn balẹ̀! Mo ti bá yín tọ́jú wọn!"

Ó sáré wọlé, ó gbé agbádá jáde, ó tú u sílẹ̀ níwájú Misturat. Èèkàn ń dán yanranyanran. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Àǹtí, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ alága. Mo ti fi wọ́n ta òwú. Wọ́n dáa gan-an ni!"

Misturat káwọ́ lérí. Katapílà gan-an kú.

Ràsáàkì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kọ́láwọlé! Gọ́tà lo hú yẹn! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ṣọpẹ́ pé wọn ò fún mi ní pápákọ̀ òfuurufú. Ì bá ti ká a, ì bá ti tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì!"

Kọ́láwọlé ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yé e. Ó gbójú sókè, ó rí Ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà kò bú u. Ì bá ti bú u, ì bá sàn. Ó kàn wo ìkùukùu, ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ó yí padà, ó lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ sókè.

Kọ́láwọlé dìde, ó ń fi ọwọ́ wá ihò nínú ẹrẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Gbogbo wọn mọ̀ pé ìlà náà bẹ̀rẹ̀ nídìí igi igbá, wọ́n sì mọ àpáta tó parí sí. Ibi tó ti yà ni wọn ò mọ̀. Bàálé Sàlàkọ́ ní ibí ni, Ràsáàkì ní ọ̀hún ni. Bí katapílà bá ṣì sápá ọ̀tún, ògiri Ìyá àgbà ló máa wó. Bó bá ṣì sápá òsì, ibi àlùwàlá mọ́sálásí ló máa gbé lọ.

"Ìwọ tó o hú wọn ńkọ́?" ni Bàálé bi í.

"Bàbá, èèkàn ni mo wò. N ò wo ilẹ̀."

Àmúdà mi orí. "Èmi ò lè fi àbá wa ilẹ̀ o. Bí mo bá wó ilé ìyá arúgbó, ojú wo ni màá fi wo ìyá tó bí mi?" Ó tún fi pákò bọ ẹnu.

Misturat rìn lọ síbi òfì, ó fìdí lé òkúta, ó ń tẹ fóònù, fóònù ń sọ fún un pé kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Òwú funfun tí Kọ́láwọlé nà sórí òfì wà níwájú rẹ̀. Ó wò ó. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló pọ́n lára òwú yìí?"

"Ọ̀dà ìjọba ni, Àǹtí," ni Kọ́láwọlé wí pẹ̀lú ohùn òkú. "Ibi tó ti kan èèkàn ni."

"Gbogbo èèkàn?"

"Gbogbo wọn."

"Èyí tó pọ́n jù yìí ńkọ́?"

"Ibi tó ti yà nìyẹn. Òwú fi gbogbo ara ti èèkàn yẹn ni, ìyẹn ló..." Ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu rẹ̀. Òun àti Misturat wo ara wọn. Ariwo tí obìnrin náà pa, ará Ṣakí tún dáhùn.

"Bí a bá tú u kúrò lórí òfì, tí a nà án sílẹ̀," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún, ẹ̀gbọ́n, aṣọ oníbàárà ni, mi ò lè sọ pé..."

Kọ́láwọlé ti mú abẹ. Ó wo òwú funfun báláú yẹn, ó wo ẹnu ọ̀nà Ìyá àgbà, ó sì gé e kí Misturat tó parí ọ̀rọ̀. "Bàbá Tẹ̀dé á gbọ́ tiwa," ló wí.

Agbo-ilé Alákàá bá gbé òwú kan ṣoṣo dání, ọkùnrin, obìnrin, tó fi mọ́ àwọn tí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bàálé Sàlàkọ́ di etí rẹ̀ kan mú nídìí igi igbá. Ràsáàkì di èkejì mú nídìí àpáta, ó ń pariwo pé òun ló ṣe pàtàkì jù. Kọ́láwọlé di ojú ibi tó pọ́n jù mú, ó ń fà á sẹ́yìn sẹ́yìn, gba ẹ̀yìn ilé Ìyá àgbà. Bó bá rìn sókè jù, ti ìsàlẹ̀ á le, ti òkè á dẹ̀. Bó bá rìn sísàlẹ̀ jù, ti òkè á le, ti ìsàlẹ̀ á dẹ̀.

"Sún díẹ̀!" ni Misturat ń ké. "Padà díẹ̀! Ó tó! Ẹ dúró bẹ́ẹ̀!"

Apá méjèèjì le gbandi. Ibì kan ṣoṣo ló wà láyé tí òwú yẹn ti lè le bẹ́ẹ̀ lápá méjèèjì láìgba inú ilé ẹnikẹ́ni. Kọ́láwọlé mú èèkàn kan, ó gbé e sórí ẹrẹ̀, ó tì í. Kò lo òòlù. Ilẹ̀ la ẹnu, ó gbé e mì, bí ọwọ́ ṣe í wọ inú ẹ̀kọ gbígbóná. Ihò àtijọ́ ni.

"Ó wọlé!" Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òógùn ni. "Ẹ̀yin èèyàn, ó wọlé!"

Àmúdà tú itọ́ pákò sílẹ̀, ó ṣáná sí katapílà. "Mo ti tẹ̀ lé awọnlẹ̀," ló wí, "mo ti tẹ̀ lé ẹnjiníà, n ò tẹ̀ lé òwú rí. Ẹ kúrò lọ́nà o!"

Ó wa ilẹ̀ náà títí di ìrun Alásárì. Àwọn obìnrin gbé oúnjẹ wá, ó jẹun débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù fún àga katapílà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ọ̀nà omi ti là láti òkè dé odò, ògiri Ìyá àgbà ò sì gbọ̀n. Ìkùukùu yẹn pẹ̀lú ṣàánú, ó yà sápá ibòmíì. Káńsù gbé sìmẹ́ńtì wá, agbo-ilé kó òkúta, wọ́n sì jọ fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá òwú funfun jọ fún Kọ́láwọlé, Ràsáàkì ló mú tó pọ̀ jù wá, ó sì bú u fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bàbá Tẹ̀dé rí aṣọ rẹ̀ gbà kí wòlímọ̀ tó dé. Òwú tó pọ́n yẹn, Kọ́láwọlé fọ̀ ọ́ títí, ẹrẹ̀ lọ, ọ̀dà ò lọ. Ó bá hun ún bẹ́ẹ̀, ó fi rán ìborùn fún Ìyá àgbà. Àwọn èèyàn rí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ irú rẹ̀. Wọ́n sọ aṣọ náà ní Ìlà Káńsù.

Ní ìjókòó àdúgbò tó tẹ̀ lé e, Misturat sọ èèkàn irin kalẹ̀ níwájú àwọn ahunṣọ. "Mo ní mo gbọ́ èèkàn, àbí n ò wí bẹ́ẹ̀?"

Kọ́láwọlé ò fọwọ́ kàn án. "Àǹtí, kí ni wọ́n máa là níbí?"

"Kò sí nǹkan kan. Tiyín ni."

"Kì í ṣe ti títì?"

"Kì í ṣe ti títì."

"Kì í ṣe ti pápákọ̀ òfuurufú Ràsáàkì?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé èèkàn yín!"

Òjò ńlá wá dé nígbà tó yá, èyí tí ẹ̀kán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tóbi bí igbá ọ̀ṣẹ. Kọ́láwọlé fò sílẹ̀ nídìí òfì, ó sáré já wọ yàrá Ìyá àgbà. Ìyá àgbà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ìborùn Ìlà Káńsù wà léjìká rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó ń dúró de omi bí ẹni ń dúró de oníjà. Lóde, nǹkan ń hó gììì. Omi náà ń bọ̀. Ó dé ẹ̀yìn ilé, ó yà, ó kọjá lọ.

Ìyá àgbà fi àtẹ́lẹsẹ̀ pa ilẹ̀ yàrá. Ó gbẹ. Ó tún un pa.

"Wọ́n ti gbé e lọ," ló wí jẹ́ẹ́. "Àlùhámúdùlílá. Ọlọ́run á bá mi gbé ìnira kúrò lọ́rùn ọmọbìnrin tó gbọ́ tèmi yẹn."

"Àmín, Ìyá àgbà."

Omi ń hó lọ lóde. Lẹ́yìn náà ni Ìyá àgbà fa ìborùn bo orí, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Àkànní, bẹ̀rẹ̀."

"Ìyá àgbà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní n ò gbọdọ̀ pọ̀n yín mọ́?"

"Ìyẹn ti sísá ni mo wí. Pọ̀n mí jáde jàre, kí n lọ wo bó ṣe ń kọjá. Ọjọ́ pẹ́ tí èmi àti ẹ̀ ti jọ gbé yàrá kan náà, ó yẹ kí n sìn ín dé ọ̀nà."